Pankẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà fún tíṣà àti òbí: ẹ má rà á

Bí ilé-ìwé bá ti fẹ́ wọlé, pankẹ́rẹ́ náà á jáde sí ọjà Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ní ẹ̀gbẹ́ ìwé àti bírò. Inú igbó àbàtà ló ti ń hù, òun náà ni wọ́n fi ń hun àga àti apẹ̀rẹ̀. Fún àga, ó dára púpọ̀: ó ń tẹ̀, kì í sì í tètè dá. Ohun tó mú un wúlò fún àga yìí gan-an ló sọ ọ́ di ewu lára ọmọ.

Èyí tó wọ́pọ̀ gùn tó nǹkan bíi mítà kan, ó nípọn tó ìka ọwọ́. Torí pé ó ń tẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ ń sáré ju ọwọ́ tó mú un lọ, ẹni tó ń nà kì í sì í mọ bó ṣe wọra tó. Ìdí ni tíṣà dojú rẹ̀ kọ, ṣùgbọ́n pankẹ́rẹ́ á wé mọ́ itan, ṣóńṣó á lọ bà níwájú, níbi tí ojú tíṣà kò tó. Bí ọmọ bá fi ọwọ́ bo ìdí, eegun ìka ló máa gbà á. Bó bá yí padà lójijì, ojú ni. Oríkèé igi náà, bí wọn kò bá fá a dáadáa, ń gé awọ. Bó bá gbẹ tán, ẹnu rẹ̀ á là, á máa fún ẹran ara bí ẹ̀mú. Igi kan náà ni wọ́n sì fi ń na gbogbo àwọn tó pẹ́ dé: ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan lè kan egbò èkejì, bẹ́ẹ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ni irú àrùn ẹ̀dọ̀ kan ń gbà ràn.

Àwọn kan á ní òfin gbà á. Lóòótọ́, abala 295 nínú ìwé òfin ọ̀daràn gba òbí àti olùkọ́ láàyè láti fi nínà tọ́ ọmọ. Ẹ kà á dópin: kò gbọdọ̀ dá egbò, kò gbọdọ̀ ju ohun tí ọjọ́ orí àti ara ọmọ náà lè gbà lọ, kò sì tọ́ sí ọmọ tí kò lè mọ ìdí tí wọ́n fi ń na òun. Ohun tí ẹni tó mú un dání kò lè díwọ̀n agbára rẹ̀, báwo ni yóò ṣe dúró nínú ààlà yẹn? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003 tilẹ̀ kọ ìyà tó ń tẹ́ ọmọ, ìpínlẹ̀ Ògùn náà sì ti ṣe tirẹ̀.

Kò tún ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ rà á. Kò lè mú ìlà kànga kúrú fún ọmọ tó pọnmi kó tó wá sí ilé-ìwé. Èyí tó ń ṣi iṣẹ́ kọ láti ara pátákó, bóyá kò ríran dáadáa ni: ẹ gbé e síjókòó iwájú fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wo ìwé rẹ̀. Èyí tí kì í dáhùn, bóyá kò gbọ́ràn dáadáa ni: ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹ rọra pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 5 tàbí 6 tó ń tọ̀ sílé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ jẹ́ kó tọ̀ kó tó sùn, kí ẹ sì máa jí i lóru.

Ẹni tó bá ti rà á, kó gé e sí ọ̀nà 10, kó fi sándípépà ha ẹnu wọn, kó fi rọ́bà dì wọ́n. Ìdì kan, 10 ni. Ọmọ Píráìmárì 1 lè fi kọ́ ìṣirò.