MedlinePlus lọ́wọ́ àwọn àgbà tí mo ń kọ́

Bí ẹnì kan bá bi mí pé ìkànnì wo ni kí òun kọ́kọ́ fi han ìyá òun, ìyẹn ìyá tó máa ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ ìlera tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp gbọ́, MedlinePlus ni mo máa ń dárúkọ. Kì í ṣe nítorí ẹwà. Ojú rẹ̀ gbẹ bí ojú ìwé ìjọba, ìwé ìjọba náà sì ni lóòótọ́. Ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kò ní ọjà kankan tó ń tà.

National Library of Medicine, ilé-ìkàwé ìṣègùn ti ìjọba Amẹ́ríkà, ló ni ín, ọdún 1998 ni wọ́n sì ṣí i. Kókó ọ̀rọ̀ ìlera tó wà níbẹ̀ lé ní 1,000. Oògùn wà lọ́tọ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti ìtọ̀ wà lọ́tọ̀. Wọn kì í gba ìpolówó, ẹnikẹ́ni kò sì ní láti forúkọ sílẹ̀ kó tó kà á. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ní lílo fóònù àti kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ara wọn ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń tìtorí rẹ̀ wá.

Ibi tí ìkànnì yìí ti wúlò fún mi jù ni ìsàlẹ̀ ojú-ewé. Nínú apá tí wọ́n pè ní Medical Encyclopedia, wọ́n máa ń kọ ọjọ́ tí wọ́n yẹ ojú-ewé náà wò gbẹ̀yìn àti orúkọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò sí ìsàlẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n tó ka ìlà kan ṣoṣo. Wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Tíṣà, ṣé láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń kàwé ní tiyín ni?" Bàbá kan tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó ló kọ́kọ́ rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn kì í gba ìwé tí kò ní déètì àti orúkọ ẹni tó buwọ́ lù ú, kí ló wá dé tí àwọn á fi gbà á lórí ọ̀rọ̀ ara àwọn? Látìgbà náà, ohunkóhun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí Bàbá lórí fóònù, èsì kan náà ni wọ́n ń fọ̀ sí i: "Ta ló kọ ọ́? Ìgbà wo ló kọ ọ́?" Mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ náà ti ń sú àwọn ará ilé wọn.

Àdírẹ́sì rẹ̀ náà jẹ́ ẹ̀kọ́. medlineplus.gov ni, bẹ́ẹ̀ àwọn àjọ ìjọba ní Amẹ́ríkà nìkan ló lè gba .gov. Àwọn kan máa ń rò pé .org náà rí bẹ́ẹ̀, pé ẹgbẹ́ aláàánú nìkan ló ń lò ó. Kò rí bẹ́ẹ̀ o, ẹnikẹ́ni tó bá ti lówó lọ́wọ́ lè rà á. Mo máa ń ní kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ àdírẹ́sì náà, kí wọ́n má ṣe gba Google kọjá. Tí wọ́n bá wá orúkọ àìsàn lórí Google, èyí tó wà lókè pátápátá ni wọ́n máa ń tẹ̀, nítorí pé lójú tiwọn, ẹni tó bá jókòó síwájú, àgbà ni. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ owó ló gbé e síwájú. Ọ̀rọ̀ tín-ín-tín kan, Sponsored, ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ojú tó sì ti nílò awò kì í sábà rí i.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà lórí rẹ̀, lórí bí a ṣe ń yẹ ìkànnì ìlera wò. Ìkànnì àfiṣàpẹẹrẹ méjì ni wọ́n gbé kalẹ̀, méjèèjì ló wọṣọ dókítà, a ó wá máa tú wọn wò: ta ló ni ín, ta ló ń náwó sí i, kí ló dé tí wọ́n ń béèrè orúkọ àti ìsọfúnni ẹni? Mo máa ń dá a dúró láàárín, kí kálukú sọ èyí tó máa gbà gbọ́. Àríyànjiyàn tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ dùn ju ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ó ku àléébù. Ojú-ewé àìsàn kọ̀ọ̀kan kún fún ìjápọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ sí ìkànnì mìíràn. Ìkànnì gidi ni wọ́n, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó tẹ̀ ẹ́ kì í mọ̀ pé òun ti jáde. Ojú-ewé yí àwọ̀ padà, lẹ́tà yí padà, jìnnìjìnnì á sì mú wọn pé àwọn ti ba nǹkan jẹ́. Níbi oògùn, ìṣòro mìíràn ló wà. Màmá kan ka ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, lisinopril, wọ́n kọjá sí ibi tí wọ́n to wàhálà tí oògùn lè fà sí, wọ́n sì pinnu pé àwọn ò lò ó mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìlà tó ní kí èèyàn má ṣe dá a dúró láìbá dókítà sọ̀rọ̀ wà lókè, lábẹ́ bí a ṣe ń lò ó, ibi tí Màmá fò kọjá. Ìkìlọ̀ tó tó báyìí yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ń dẹ́rù bani. Ní báyìí, ẹni tó bá fẹ́ ka ojú-ewé oògùn nínú kíláàsì mi, pẹ̀lú bírò lọ́wọ́ ni: ohun tó bá bà á lẹ́rù, kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà tàbí apòògùn.

Àárò NIHSeniorHealth, ìkànnì ìlera mìíràn ti ìjọba Amẹ́ríkà, sì ń sọ mí. Ọdún 2003 ni wọ́n ṣí ìyẹn fún àwọn àgbà gan-an, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó sì ń ka ọ̀rọ̀ sókè fún ẹni tójú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran. Wọ́n tì í pa ní 2017. Ètò ẹ̀kọ́ tí National Institute on Aging, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó, ṣe fún àwa olùkọ́ dúró lórí òun àti MedlinePlus, nítorí náà ẹni tó bá rí ẹ̀dà àtijọ́ gbọ́dọ̀ yọ ìdajì iṣẹ́ àṣetiléwá inú rẹ̀ kúrò. Lórí MedlinePlus, a ní láti fúnra wa sọ lẹ́tà di ńlá: Ctrl àti àmì àròpọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ìka méjì lórí fóònù.

Tí a bá fi wé ìkànnì NHS, ètò ìlera ìjọba ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn rọrùn láti kà jù ú lọ, ó sì máa ń sọ ní tààrà ìgbà tó yẹ kí èèyàn sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó ní kí wọ́n pè wúlò fún ará ibẹ̀ nìkan.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún MedlinePlus. Èdè ló jẹ ọ̀kan tó kù: Gẹ̀ẹ́sì àti Sípáníìṣì ni wọ́n fi ṣe odindi rẹ̀, ẹ fi Yorùbá tẹ "ẹ̀jẹ̀ ríru" sínú rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Ẹni tí òbí rẹ̀ kò bá ka Gẹ̀ẹ́sì, kó jókòó tì wọ́n, kó máa túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kó fi fóònù sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn.