Àwọ̀n Ẹ̀fọn Lásán àti Èyí Tó Lóògùn

Nínú ilé káàkiri Àkúrẹ́, ẹ máa rí méjèèjì. Lójú, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àmọ́ ìṣe ẹ̀fọn lára wọn kò jọra rárá.

Abo ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Anopheles ló ń kó ibà ranni, òru ló sì sábà máa ń jẹni. Èémí àti ooru ara ẹni tó sùn ló ń fà á, nǹkan wọ̀nyí sì ń lọ sókè, ìdí nìyẹn tó fi ń rábàbà sórí àwọ̀n ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ àwọ̀n lásán, á bà lé e, á máa wá ihò kiri. Bí apá yín bá kan àwọ̀n, á jẹ yín láti ìta. Bí kò bá rí yín jẹ, ọmọ tó sùn sórí ẹní nítòsí ló kàn.

Oògùn pyrethroid tó wà lára àwọ̀n kejì ń da iṣan ẹ̀fọn rú: á tètè fò kúrò, tàbí kó ṣubú kú. Ihò kékeré kò fi bẹ́ẹ̀ léwu níbẹ̀, síbẹ̀ ẹ rán an.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé oògùn yìí kì í ran ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn mọ́ ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá rí PBO, èròjà kan tí wọ́n ń fi kún oògùn náà, lára àpò rẹ̀, òun ni kí ẹ mú, torí èròjà yìí ń dènà ohun tí ẹ̀fọn fi ń sọ oògùn di aláìlágbára.

Ẹ kọ́kọ́ sá a síbi ibòji fún wákàtí 24. Ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má fi bílíìṣì kàn án, ẹ má sì sá a sóòrùn. Lálẹ́, ẹ ki etí rẹ̀ sábẹ́ fóòmù yípo.