TCP àbí UDP: èwo ló bá iṣẹ́ rẹ mu?
TCP àti UDP jẹ́ ìlànà méjì tí kọ̀ǹpútà fi ń gbé ẹrù, ìyẹn dátà, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí TCP tó gbé ẹrù kankan, kọ̀ǹpútà méjèèjì gbọ́dọ̀ kí ara wọn lẹ́ẹ̀mẹta: SYN (mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀), SYN-ACK (mo gbọ́, èmi náà fẹ́), ACK (mo ti gbọ́). Bí àlọ àti àbọ̀ bá ń gba 150 mílíìsẹ́kọ́ǹdì, iye yẹn ti lọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. UDP kì í kí ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń fi ránṣẹ́ ni. Báìtì 8 ni orí pákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ (àlàyé tó ṣáájú ẹrù nínú ìdì dátà kọ̀ọ̀kan). Ti TCP kì í dín ní 20.

TCP ń fi nọ́ńbà sí báìtì, ó ń tún èyí tó sọnù rán, ó sì ń tò wọ́n. Ibẹ̀ náà ni wàhálà rẹ̀ wà: bí ẹyọ kan bá sọnù, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e á dúró dè é. Fún fáìlì, ó dára bẹ́ẹ̀. Fún ìpè fídíò, ohùn tó pẹ́ dé ti di pàǹtí. UDP ni kí o lò.

Ṣùgbọ́n lórí IPv4 (ẹ̀dà kẹrin ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì) àti Ethernet (nẹ́tíwọ́ọ̀kì oníwáyà) tí MTU rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù tó lè gbé, jẹ́ báìtì 1500, má jẹ́ kí ẹrù UDP kọjá báìtì 1472. Bó bá kọjá, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́; bí apá kan bá sì sọnù, odindi rẹ̀ ṣòfò. DNS, ètò tó ń yí orúkọ ìkànnì padà sí àdírẹ́sì oní-nọ́ńbà, sábà máa ń lo UDP. Bí ìdáhùn bá tóbi jù, kọ̀ǹpútà tó béèrè á fi TCP tún béèrè.