Chevrolet Bel Air ti 1955 àti ti 1957: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ ra ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́, Bel Air ti ọdún 1957 ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí lẹbẹ gígùn tó wà ní ìdí rẹ̀ àti gíríìlì aláwọ̀ wúrà tó wà níwájú. Ti 1955 kì í tètè wá sí ọkàn wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lábẹ́ ọ̀ṣọ́, ara kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Ti 1955 wà lọ́wọ́ mi títí di òní. Mo ti ní ti 1957 rí, mo sì ti tà á.

Ní 1955, Chevrolet yí ọkọ̀ rẹ̀ padà látòkè délẹ̀. Ed Cole ni ó ṣe olórí àwọn ẹnjiníà tó gbé ẹ́ńjìnnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) tuntun jáde, Harley Earl sì ni ọ̀gá àwọn ayàwòrán ọkọ̀ ní General Motors. Gíríìlì kékeré onígun mẹ́rin, tó kún fún àpótí wẹ́wẹ́, ni wọ́n fi síwájú rẹ̀. Ara ọkọ̀ Ferrari ni wọ́n ti wò ó. Àwọn oníbàárà kò fẹ́ràn rẹ̀ tó bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe rò, nítorí náà gíríìlì tó gba gbogbo iwájú ọkọ̀ ni ó rọ́pò rẹ̀ ní 1956. Ara tuntun ni ó yẹ kó jáde ní 1957, ṣùgbọ́n kò tíì ṣe tán títí di 1958, ni wọ́n bá tún ti àtijọ́ wọ̀ ní aṣọ: wọ́n fi lẹbẹ sí i, wọ́n gbé ohun méjì tó dà bí ọta ìbọn lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fi irin dídán yí i ká. Lójú tèmi, ẹwà ti 1955 wà nínú bí wọ́n ṣe gé irin náà fúnra rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú ẹwà ti 1957 jẹ́ ohun tí wọ́n kàn mọ́ ọn lára.

Ohun tí wọ́n kàn mọ́ ọn lára yìí gan-an ni ó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni. Páànù alumíníọ̀mù onílà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn Bel Air 1957. Kì í ṣe ọ̀dà ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ásíìdì àti iná mànàmáná ni. Bí ojú náà bá ti ṣú tàbí tó ti hó, bó ti wù kí ẹ dán an tó, kò ní padà sípò. Àfi kí wọ́n bó o, kí wọ́n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí kí ẹ ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni gíríìlì aláwọ̀ wúrà. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 1955 kì í dógùn-ún. Bí ó bá tẹ̀, ẹni tó mọṣẹ́ á rọra fi òòlù kékeré nà án, á sì dán an padà.

Oníṣòwò tó ta ti 1957 fún mi ti fi ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà kun páànù náà. Nígbà tí pánẹ́ẹ̀lì-bítà tú u, ihò tí ìpáàrà jẹ, tó gba ọwọ́ mi wọlé, ni a bá lẹ́yìn rẹ̀, pọ́tì ni wọ́n sì fi dí i. Owó tí mo ná sórí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà ju èyí tí mo ná sórí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ. Ìpáàrà ń jẹ ti 1955 náà, ṣùgbọ́n kò ní páànù ńlá tó máa sá pamọ́ sí.

Páànù yìí kan náà ni àwọn kan fi ń sọ 210, irú Chevrolet mìíràn tí kò wọ́n tó Bel Air, di Bel Air, torí pé ọ̀dà ni wọ́n fi kun ibi yẹn lára 210. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú VC57, tàbí C57 bí ó bá jẹ́ onísílíńdà mẹ́fà ni wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí B dípò C, 210 ni. Ẹ mú òòfà dání, kí ẹ sì fi wo irin tó yí páànù náà ká, abẹ́ ilẹ̀kùn, àti òkè iná iwájú; ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kí pọ́tì ló wà níbẹ̀. Ẹ yẹ ẹ̀yìn iná iwájú ti 1957 wò dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n gbé ọ̀nà afẹ́fẹ́ gbà lọ́dún náà, omi sì lè bá a wọlé mú ìpáàrà wá.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, ti 1957 borí: V8 rẹ̀ tó tóbi jù jẹ́ 283 íńṣì kúbíìkì, V8 ti 1955 sì jẹ́ 265, kò sì ní àyè fún àsẹ́ ọ́ìlì nínú búlọ́ọ̀kù rẹ̀, nítorí náà ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ déédéé. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ṣeé pààrọ̀. Ní Havana, olú-ìlú Cuba, níbi tí irú ọkọ̀ wọ̀nyí ṣì ti ń gbé èrò, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti fi sínú ọ̀pọ̀ wọn. Ríìmù ti 1955 jẹ́ íńṣì 15, ti 1957 jẹ́ 14. Ẹ̀yà ara méjèèjì wà lọ́jà. Ti 1957 wọ́n jù, pàápàá èyí tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká.

Ẹni tí lẹbẹ yẹn ti gba ọkàn rẹ̀ kò ní gbádùn ti 1955, kó má fi ipá ra ohun tí kò fẹ́. Kó wá ti 1957, kó sì ní kí olówó rẹ̀ tú páànù ẹ̀gbẹ́ náà kí owó tó kúrò lápò òun. Ẹni tó fẹ́ ọkọ̀ tó lè máa wà, tí kò fẹ́ máa wá ohun ọ̀ṣọ́ kiri, ti 1955 yóò fún un ní ara kan náà ní owó tó dínkù. Bí wọ́n bá tò wọ́n síwájú mi ní iye kan náà, tí ara àwọn méjèèjì sì le, ti 1955 ni màá wà lọ sílé.