Scratch àti Àyìndé mi: oṣù mẹ́ta rèé tá a ti ń lò ó, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń bèèrè kiri pé kí lẹ lè fi kọ́ ọmọ yín ní kóòdù láìjẹ gbèsè, ẹ súnmọ́ bí. Scratch ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ọmọdé fi ń kọ́ kóòdù, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, èyí tí ológbò aláwọ̀ ọsàn máa ń wà lójú ẹ̀ yẹn. Ọ̀fẹ́ ni o. MIT Media Lab, ilé ìwádìí kan ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é, ó ti wà níta látọdún 2007, ọmọ ọdún 8 sí 16 ni wọ́n dìídì ṣe é fún, àwọn kéékèèké tó jẹ́ ọmọ ọdún 5 sí 7 ní tiwọn lọ́tọ̀ tó ń jẹ́ ScratchJr.

Àmọ́ kí n tó mọ̀ pé nǹkan ọ̀fẹ́ wà, mo ti dáná sunwó. Ọlidé ńlá tó kọjá, mo mú Àyìndé, ọmọ ọdún mẹ́wàá, lọ sí lẹ́sìn kóòdù kan lápá Bódìjà n'Íbàdàn, ₦45,000 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mi ò ní dárúkọ wọn. AC ń fẹ́ yẹ́ẹ́, wọ́n fún un ní T-shirt, wọ́n ní Python, èdè kan tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, làwọn máa kọ́ wọn, inú mi ń dùn, mo ti ń pè é ní ẹnjiníà. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí, ó gbé ìwé ẹ̀ wá, Python kún inú ẹ̀ lóòótọ́, ó fi bírò kọ ọ́, ó mọ́ roro. Mo ní ó dáa, tí n bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ orúkọ ẹ lẹ́ẹ̀mẹwàá ńkọ́? Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹlòmíì. "Mummy, wọn ò tíì kọ ìyẹn sójú bọ́ọ̀dù."

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún dùn mí torí pé bí wọ́n ṣe ṣe èmi náà nìyẹn. Nígbà tá a wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ojú bọ́ọ̀dù la ti kọ́ BASIC, èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan. 10 LET A = 5, 20 LET B = 7, 30 PRINT A + B, 40 END. Mo há a sórí, mo yege nínú ìdánwò, mi ò fojú kan kọ̀ǹpútà tó ṣe é rí. Títí dòní olónìí, kọ̀ǹpútà ò tíì fún mi ní 12 mi.

Àbúrò mi kan tó ń ka kọ̀ǹpútà ní UI ló ní kí n fi lẹ́sìn yẹn sílẹ̀, kí n lọ gba Scratch. Ẹ lè lò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè dáńlóòdù ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ máa lò ó láìsí dátà, èyí tá a ṣe nìyẹn, lórí laptop tokunbọ̀ tí mo fi ń ṣe àkáǹtì ọjà mi. Kò sí pé ọmọ ń tẹ lẹ́tà púpọ̀. Búlọ́kù ni gbogbo ẹ̀, aláwọ̀ oríṣiríṣi, tó o máa fà kó o sì so ọ̀kan mọ́ ìkejì, tí méjì ò bá bára mu wọn ò ní wọra wọn. Àwọn búlúù ló ń mú nǹkan rìn, yẹ́lò ló ń sọ ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀, irú bí ìgbà tó o bá tẹ àsíá aláwọ̀ ewé.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló ṣe géèmù máńgòrò. Máńgòrò ń já bọ́ látòkè, agbọ̀n wà nísàlẹ̀, tó o bá fi agbọ̀n gbé e, o gba máàkì kan. Mo wà ní kíṣìn, mo ń dín dòdò, mo kàn gbọ́ "Mummy! Laptop yìí ti ya wèrè!" Máńgòrò kan ṣoṣo ló gbé, máàkì ẹ̀ ti di 17. Èmi wo ni mo fẹ́ mọ ohun tó fà á? Mo kàn ní kó ka ohun tó ní kó ṣe fún mi. Ó ń kà á: "Títí láé, tí máńgòrò bá fara kan agbọ̀n, fi ọ̀kan kún máàkì." Ó dákẹ́. Ó tún un kà, jẹ́jẹ́. Ó ní, "Áà! Kò tíì kúrò nínú agbọ̀n." Àṣé kọ̀ǹpútà ń yẹ̀ ẹ́ wò léraléra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ní gbogbo ìgbà tí máńgòrò ṣì jókòó síbẹ̀, ó ń fi ọ̀kan kún un lọ ni. Ó fi búlọ́kù kan sí i pé tó bá ti fara kàn án kó padà sókè. Ó di máàkì kọ̀ọ̀kan. Dòdò mi jóná, mi ò bínú.

Wọ́n máa ń pe irú ìrònú yìí, kéèyàn máa to nǹkan ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ tó yé kedere, ní computational thinking, Jeannette Wing, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, kọ nǹkan kan nípa ẹ̀ lọ́dún 2006 tó jẹ́ kó gbajúmọ̀, pé kì í ṣe àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan ló yẹ kó mọ̀ ọ́n. Kódà kò pọn dandan kí kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀. A lọ kí bàbá mi ní Òjé, wọ́n ní kí ni ọmọ yìí ń kọ́, mo gbé ọpọ́n ayò síwájú wọn, ihò 12, mẹ́rin mẹ́rin, mo ní Bàbá ni kọ̀ǹpútà, Àyìndé ló máa pàṣẹ. Àyìndé ní, "Bàbá àgbà, ẹ mú ọmọ ayò." Bàbá mú ẹyọ kan. "Rárá o, ẹ kó gbogbo ẹ̀." Bàbá bá kó gbogbo méjìdínláàádọ́ta sórí itan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ti ihò yìí nìkan ni mo ní lọ́kàn sà!" "O ò sọ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi." Ó tó ogún ìṣẹ́jú kó tó rí ọ̀rọ̀ tí Bàbá ò lè ṣì gbọ́: kó gbogbo ọmọ inú ihò kẹta, máa ju ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú ihò tó kàn, dúró tọ́wọ́ ẹ bá ṣófo. Lẹ́sìn Bódìjà ò kọ́ ọ nírú ẹ̀ fún odidi oṣù kan.

Ẹ̀sùn tèmi nìyí o. Èyí tá a dáńlóòdù yẹn kì í sééfù fúnra ẹ̀. Bátìrì laptop tokunbọ̀ mi ti kú, iná ló ń jẹ, NEPA mú iná lọ ní aago mẹ́jọ alẹ́, gbogbo iṣẹ́ ọ̀sán Sátidé lọ bẹ́ẹ̀, ọmọ sunkún débi pé aládùúgbò kan ilẹ̀kùn. Látìgbà yẹn mo ti lẹ bébà mọ́ laptop: SÉÉFÙ. Ìkejì, ọmọ lè fi wákàtí méjì kun ológbò lóríṣiríṣi àwọ̀ kó sì máa pe ìyẹn níṣẹ́. Ó tún kù, tẹ́ ẹ bá ń lo ti íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ lágbàáyé máa ń kọ ọ̀rọ̀ síra wọn níbẹ̀, ẹ máa yọjú wò ó. Ojú fóònù kékeré ò sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn rárá.

4 nínú 5 ni mo fún un. Ọ̀rọ̀ sééfù ló jẹ ẹyọ kan tó kù.

Bí mo ṣe ń tẹ èyí, ó ń ṣe géèmù mọ́tò Micra kan tó ń sá fún kòtò láti Challenge dé Mọ́kọ́lá, Micra ọ̀hún sì ń gba inú ògiri kọjá. Ó ti yí laptop sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n má wò ó, kí n má sọ ìdí ẹ̀ fóun o. Bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n.