Rọ́bà polarizer fún yíya ère Bambara: ó ń pa dídán, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó pa á tán

Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tí a ń fi bo fíláàṣì ló wà nínú páálí, pẹ̀lú filter roboto kan fún ẹnu lẹ́ńsì. Polarizer ni gbogbo wọn: ìmọ́lẹ̀ tó gba ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́ kó kọjá, ìyẹn ni filter fi lè dí dídán ara ère. Ère àwọn Bambara ilẹ̀ Mali ni mo fi dán an wò: ciwara onígi tó rí bí àgbọ̀nrín, ìbòjú ntomo, àti boli, ère ètùtù tí amọ̀ bò. Mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún.

Òróró àti ọwọ́ èèyàn ti sọ ara ciwara di dúdú tó ń dán. Bí fíláàṣì bá bà á, funfun á bo ìwo àti imú rẹ̀, ipa ọ̀bẹ ẹni tó gbẹ́ ẹ á sì fara sin. Ibẹ̀ ni rọ́bà yìí ti wúlò jù. Ẹ gbé fíláàṣì kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. Ọfà ara rọ́bà méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà; bí ọ̀kan bá dábùú, apá kan ère á ṣì máa dán, ẹ ó sì rò pé filter ló bàjẹ́. Ẹ fi ṣíbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ère, kí ẹ máa yí filter títí iná tó ń kọ nínú ṣíbí á fi dúdú.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá a padà díẹ̀. Ìwé ìlànà kò sọ èyí: bí dídán bá kú tán, igi á rí bí èédú, owó ẹyọ ara ntomo á dà bí ẹfun, irin tí wọ́n fi so ọrùn ciwara mìíràn mọ́ ara rẹ̀ á sì pòórá sínú igi. Àwòrán méjì ni mo ń yà: èyí tí kò dán rárá fún àkọsílẹ̀, èyí tó dán díẹ̀ fún àfihàn.

Rọ́bà yìí ń jẹ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Fíláàṣì tó wà ní 1/16 agbára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní láti gòkè dé 1/2 kí f/11 (ìwọ̀n ihò lẹ́ńsì) àti ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) tó ṣeé lò. Ẹ má torí ẹ̀ ṣí lẹ́ńsì sí f/4 o; imú ère á hàn kedere, ẹ̀yìn rẹ̀ á rí bàìbàì. Rọ́bà náà ń fi àwọ̀ ewé díẹ̀ kún àwòrán, nítorí náà ẹ má yọ filter nígbà tí ẹ bá ń ya káàdì alápá àwọ̀ 24 tí a fi ń tún àwọ̀ àwòrán ṣe.

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Bóòbù halogen inú fíláàṣì, èyí tó máa ń tàn ṣáá kí a tó ya àwòrán, á ká a jọ bí ewé gbígbẹ. Ẹ pa bóòbù yẹn, kẹ́ ẹ sì fi àlàfo 15 cm sílẹ̀ láàárín rọ́bà àti fíláàṣì.

Kò sì lè yanjú òjìji. Irun ọrùn akọ ciwara kún fún ihò, òjìji rẹ̀ á sì hàn lára aṣọ ẹ̀yìn. Àfi kí ẹ gbé ère jìnnà sí aṣọ eérú ẹ̀yìn rẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀. Boli ò tiẹ̀ nílò rọ́bà yìí: amọ̀ àti ohun ètùtù tó gbẹ mọ́ ọn lára kì í dán. Iná kan ṣoṣo láti ẹ̀gbẹ́ ti tó o.