Lisbon, Porto tàbí Algarve: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ náwó lé ní Pọ́túgàl?

Pọ́túgàl kò tóbi, ohun tó sì ń kó bá àwọn tó ń ra ìrìn àjò lọ síbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á wo máàpù, wọ́n á rí i pé òkè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò jìnnà síra, ni wọ́n á bá ra ọlọ́jọ́ méje tó kó Lisbon, Porto àti Algarve, ìyẹn agbègbè etíkun gúúsù, pọ̀. Ìdajì àkókò náà á lọ sórí ọkọ̀ wíwọ̀ àti báàgì fífà kiri. Bí ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ ní, ẹ mú méjì, kẹ́ ẹ fi ẹ̀kẹta sílẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀ ló gba àròjinlẹ̀.

Tó bá jẹ́ ohun àtijọ́ lẹ fẹ́ wò

Lisbon ló léwájú, kò sí àríyànjiyàn. Ní Belém, létí odò Tejo, ilé àwọn mọ́ńkì tí wọ́n ń pè ní Jerónimos ṣì dúró digbí. Ọdún 1501 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, owó orí tí ọba ń gbà lórí ọjà tó ń ti Áfíríkà àti Íńdíà wọlé ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá ń wo iṣẹ́ ọnà ara òkúta yẹn, ẹ rántí pé owó tiwa náà wà níbẹ̀. Ìmìtìtì ilẹ̀ November 1, 1755 wó púpọ̀ nínú ìlú náà; ìdí nìyẹn tí òpópónà àárín ìlú fi tọ́ gbọnrangandan, tí ti àdúgbò Alfama, tí jàǹbá náà kò fi bẹ́ẹ̀ kàn, sì rí kọ́lọkọ̀lọ. Ọkọ̀ ojú irin kékeré nọ́ńbà 28 máa ń gba Alfama kọjá. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́, torí tó bá di ọ̀sán, èrò á ti kún un, àwọn gbéwiri náà á sì ti wọlé.

Porto kéré sí i, àmọ́ ohun tó ní sún mọ́ra. Afárá onírin Dom Luís I, ti ọdún 1886, jẹ́ alájà méjì: rélùwéè ń gba òkè, ọkọ̀ ilẹ̀ ń gba ìsàlẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ sì lè gba èyí tó bá wù ú. Nínú ibùdókọ̀ rélùwéè São Bento, nǹkan bí 20,000 táìlì ni wọ́n ya ìtàn ilẹ̀ wọn sí, ẹ kò sì ní san kọ́bọ̀ láti wò ó. Ilé ìtàwé Lello, tí wọ́n ṣí ní 1906, ń gbowó ìwọlé ní tiẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n á yọ owó náà kúrò lára ìwé tẹ́ ẹ bá rà. Ó rẹwà o, ṣùgbọ́n èrò ibẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn ráyè ṣí ìwé.

Algarve kò lè bá wọn dù ú, àyàfi ìlú Lagos, tó ń bá Èkó jẹ́ orúkọ kan náà lẹ́nu òyìnbó. Ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ọmọ Áfíríkà 235 gúnlẹ̀ sí ní August 1444, tí wọ́n sì pín wọn bí ẹrù ní gbangba. Ní 2009, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ fún ibi ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n rí egungun àwọn èèyàn wa tó lé ní 150 nínú kòtò tí ará ìlú ń da ìdọ̀tí sí láyé ọjọ́un. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan wà níbẹ̀ lórí òwò ẹrú náà. Àwọn tó ń sáré lọ sí etíkun máa ń fò ó dá. Ẹ̀yin ẹ má fò ó.

Tó bá jẹ́ òkun

Algarve ló gbé e. Àpáta Ponta da Piedade àti omi aláwọ̀ ewé abẹ́ rẹ̀ tó ohun téèyàn ń wọ ọkọ̀ òfurufú tìtorí ẹ̀. Ihò Benagil náà wà níbẹ̀, àmọ́ inú ọkọ̀ ojú omi lẹ ó ti wò ó. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀ kalẹ̀ sórí iyanrìn inú rẹ̀ mọ́. Òkun Porto tutù nini, kódà nínú August. Ti Lisbon sàn díẹ̀: rélùwéè láti ibùdókọ̀ Cais do Sodré á gbé yín dé etíkun Cascais ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú.

Ẹnu

Ìgbà tẹ́ ẹ bá jókòó, wọ́n á gbé búrẹ́dì, ólífì àti wàràkàṣì síwájú yín láìjẹ́ pé ẹ béèrè. Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ ó san án. Tẹ́ ẹ kò bá fẹ́, ẹ ní kí wọ́n gbé e kúrò.

Ẹni tó fẹ́ràn ata, adìyẹ piri-piri Algarve ni tiẹ̀. Ní Lisbon, inú June, nígbà ọdún Santo António, ẹja sáàdìnì ni wọ́n ń yan kiri àdúgbò. Oúnjẹ tí Porto fi ń yangàn ni francesinha: búrẹ́dì, oríṣiríṣi ẹran, sọ́sééjì, wàràkàṣì, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí wọ́n fi bíà sè. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sábà máa ń wà nínú rẹ̀, kí ẹ̀yin Mùsùlùmí má lọ jẹ ẹ́ láìmọ̀. Yàrá wáìnì Gaia, tó kọjú sí Porto lódìkejì odò Douro, kò wúlò fún ẹni tí kì í mutí.

Owó àti ọ̀nà

Lisbon ló wọ́n jù. Ó ń gba yúrò mẹ́rin lálẹ́ kan lórí àlejò kọ̀ọ̀kan, Porto ń gba mẹ́ta. Rélùwéè Lisbon sí Porto máa ń tó wákàtí mẹ́ta. Lisbon sí Lagos tó mẹ́rin, ẹ ó sì máa wọ òmíràn ní Tunes. Ní Algarve, ẹni tí kò bá háyà mọ́tò kò ní rí ìdajì etíkun náà. Físà Schengen jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà, pẹ̀lú ìbánigbófò tó kéré tán jẹ́ 30,000 yúrò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ní Ìlú Ọba pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà náà á gbà á.

Lójú tèmi, ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́, kó sùn mẹ́rin ní Lisbon, kó sùn méjì ní Porto, kó gbàgbé Algarve. Kátólíìkì tó fẹ́ dé Fátima, Lisbon ni kó fi ṣe ibùdó. Tó bá jẹ́ ọmọ kéékèèké ló tẹ̀ lé yín, tí ìwẹ̀ òkun sì ni gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́, Algarve nìkan ni kẹ́ ẹ rà, láàárín June sí September. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, Faro, níbi tí pápákọ̀ òfurufú Algarve wà, ni kẹ́ ẹ kọ. Tẹ́ ẹ bá kọ Lagos, Ìkẹjà ni wọ́n máa já yín sí.